Mo Tú Òwú, Mo Fi Bírò Rọ́pò Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àga náà ṣe rí, kí ẹ lè mọ irú ohun yẹpẹrẹ tí mo tìtorí rẹ̀ ba ara mi jẹ́.

Àga dúdú kan ni. Ó ní táyà kéékèèké márùn-ún lẹ́sẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kì í yí. Fóòmù ti yọjú lápá òsì rẹ̀. Bí èèyàn bá jókòó lé e, á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ayé sú. Ẹ̀yìn tábìlì ló wà, nínú yàrá tí a ti ń pín aṣọ níbi iṣẹ́ ìfọṣọ tí mo wà. Ẹni tó bá ń jókòó lé e ni olórí yàrá náà.

Ohun tí mo torí rẹ̀ ya abaramóorejẹ nìyẹn. Kì í ṣe ìtẹ́ ọba. Àga tó ń mí ni.

Ilé ìwòsàn ńlá kan, hòtẹ́ẹ̀lì kan, àti ilé ìwé kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ la máa ń fọṣọ fún. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ká aṣọ. Bí aṣọ bá ti gbẹ, èmi àti obìnrin mẹ́ta á ká a lórí tábìlì gígùn tó wà lẹ́bàá fèrèsé. A ó máa ká, a ó máa sọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Bí aago mẹ́rin bá ti lù, a ti ṣíwọ́. Ilé ìyá ọkọ mi, níbi tí mo ń fi ọmọ mi sí, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì nígbà yẹn. Èmi ni irú ìyá tó máa ń gbé etí lé àyà ọmọ tó ń sùn láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Bí ó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, èmi ti rí pósí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó bá ríṣẹ́ tó ń jẹ́ kó délé kí oòrùn tó wọ̀, ó yẹ kó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Èmi kọ́. Ojú mi wà lára àga.

Màmá Olówùú ló ń jókòó lé e. Òwú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Aṣọ yòówù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n á rán òwú mọ́ igun rẹ̀ kan, wọ́n á ta á ní kókó. Òwú pupa ni ti ilé ìwòsàn, búlúù ni ti hòtẹ́ẹ̀lì, yẹ́lò ni ti ilé ìwé. Pupa oníkókó kan, ó di yàrá iṣẹ́ abẹ. Pupa oníkókó méjì, ó di wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí o bá fi aṣọ bò wọ́n lójú, wọ́n á fi àtàǹpàkò yẹ igun aṣọ wò, wọ́n á sì sọ ibi tó ń lọ fún ọ.

Màmá yìí náà ló yọ mí kúrò nídìí ẹ̀rọ nígbà tí oyún mi di oṣù mẹ́fà, tí òórùn ọṣẹ ń jẹ́ kí n máa bì. Máníjà ti fẹ́ kí n lọ sílé pátápátá. "Jẹ́ kó wá máa ká aṣọ lọ́dọ̀ mi," ni Màmá wí. "Oyún kì í ṣe àìsàn." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ mi. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí èmi kò fi í sọ́kàn.

Èmi kò mọ a yàtọ̀ sí b títí mo fi wọ ilé ọkọ. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ìwé, gbogbo ọjọ́ Sátidé fún ọdún méjì. Nígbà tí a parí, èmi ni mo gba ipò kìíní. Tíṣà fún mi ní ìwé ẹ̀rí kan tí etí rẹ̀ ń dán bíi góòlù, àti bírò búlúù kan nínú páálí. Mo kan ìwé ẹ̀rí náà mọ́ ògiri, ní ọ̀ọ́kán ibi tí mo ti ń fún ọmọ lọ́yàn. Bí ọmọ bá ń mu ọyàn, èmi á máa ka orúkọ ara mi. Kò sú mi rí.

Mo ti mọ àṣírí Màmá Olówùú kó tó di ìgbà yẹn. Bí ìwé kan bá bá ẹrù ilé ìwòsàn wá, wọ́n á nà án sí mi.

"Ọmọ mi, ojú mi ń ṣe bàìbàì lónìí. Bá mi wo nǹkan tí wọ́n kọ."

Lónìí, lónìí, ojoojúmọ́ lojú ń ṣe bàìbàì. Bẹ́ẹ̀, ojú kan náà yìí ló ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo mọ ọgbọ́n náà bí ẹní mowó. Èmi náà ti fi ojú bàìbàì gbé ayé rí. Ní bánkì, àti níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì ọmọ, "Ẹ jọ̀ọ́, ojú ń dùn mí, ẹ bá mi kà á." Ẹni tó ti gbé inú ihò kan náà rí ló yẹ kó ṣàánú ẹni tó ṣì wà níbẹ̀. Èmi ńkọ́? Ńṣe ni mo ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ọkọ mi ní àbúrò kan tí mo sọ ní Òkè-Ló-Ń-Lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe máa dọ̀gá. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì lo oṣù mẹ́ta níbi iṣẹ́ kan rí. Ó ní táì mẹ́rin. Bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo ti la ẹnu.

"Ìyàwó wa," ó ní, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì lórí àga mi, "ìwọ tó ní sàtífíkéètì, aṣọ lo ṣì ń ká?"

"Bọ̀dá mi, iṣẹ́ náà ni."

"Iṣẹ́ àwọn tí kò mọ nǹkan. Ta ni olórí yín?"

Mo sọ fún un. Mo tún fi èyí tí kò yẹ kí n sọ kún un, pé olórí wa kò mọ̀wé.

Ó rẹ́rìn-ín títí táì rẹ̀ fi bọ́ sínú ife omi tí mo gbé fún un. "Ẹni tí kò mọ̀wé jókòó. Ẹni tó mọ̀wé wà lórí ìdúró. Ìyàwó wa, ta ni òmùgọ̀ níbẹ̀?"

Ọkọ mi ń fọ àwo. Kò tilẹ̀ yíjú sí wa. "Ẹni tó mọ ibi tí aṣọ ń lọ kọ́ ni òmùgọ̀," ó ní.

Mi ò gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ òpònú máa ń dùn létí bó bá jẹ́ àwa ló ń yìn.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì àgbà kan wá láti ilé ìwòsàn. Obìnrin gíga kan ni, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fún èèyàn lóògùn, díẹ̀díẹ̀, tí kì í sì í tún un sọ. Ó mú ìwé òfin tuntun kan dání. Máníjà pe Màmá Olówùú sí ọ́fíìsì, ó ní kí èmi kó aṣọ mélòó kan wá kí nọ́ọ̀sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ nípa máníjà wa. Bàbá rẹ̀ ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun kàn jogún rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń jogún imú ni. Igi ìṣáná ló fi ń ro etí. Bó bá ro ó tán, á wò ó dáadáa, á sì dá a padà sínú páálí. Kò ní èrò kankan nínú ju ti ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì na ìwé sí Màmá. "Màmá, ẹ bá wa ka ìlà kẹta sókè, kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ."

Màmá fọwọ́ pa àyà bí ẹni ń wá nǹkan. "Mi ò mú awò ojú mi wá." Wọ́n wo ojú mi.

Ìgbà tèmi nìyẹn. Ohun tí mo máa ń sọ kò ju, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á, Màmá," ọ̀rọ̀ á sì parí. Mo tiẹ̀ la ẹnu. Àmọ́ àga náà wá sí mi lọ́kàn. Mo pa ẹnu dé.

Nọ́ọ̀sì wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé kí a dúró kí ẹ lọ mú awò náà ni?" nọ́ọ̀sì bi wọ́n.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ awò," èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn mi tutù, ó dùn, bí ohùn ọmọ tó ń fẹjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn. "Ẹ má bínú, mà. Màmá kò mọ̀wé kà rárá. Èmi ni mo ń bá wọn kà á látọjọ́ yìí."

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ Màmá, mo ka ìlà kẹta geerege: ẹni tó bá ń pín aṣọ ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ mọ̀wé kà. Mo tún ka ìlà kẹrin, tí ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Màmá kàn ń wo ọwọ́ wọn, àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ náà hàn wọ́n.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, máníjà pè mí. Oṣù mẹ́ta ló máa fi dán mi wò, bí mo bá yege, àga ti di tèmi. Ó ní kí Màmá padà sídìí tábìlì tí a ti ń ká aṣọ. Màmá ní rárá, ilé làwọn ń lọ.

Wọ́n gbé agolo tí wọ́n ń kó òwú sí ka iwájú mi. "Ṣé o mọ iṣẹ́ náà?"

"Màmá, mo mọ̀wé kà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o mọ̀wé kà."

Wọ́n so gèlè wọn le, wọ́n jáde. Àwọn obìnrin mẹ́ta tí a jọ ń ká aṣọ kò gbé ojú sókè wò mí. Mo jókòó. Àga mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ mélòó kan ni inú mi fi dùn? Bóyá mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo pe àwọn obìnrin náà jọ, mo ní a ti kúrò láyé òwú. Mo pín abẹ fún wọn. "Ẹ tú gbogbo òwú wọ̀nyẹn kúrò. Ìwé la ó fi máa ṣiṣẹ́ báyìí."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn dáwọ́ dúró. "Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Olórí ti sọ̀rọ̀," ó ní, ó wo àwọn tó kù, wọ́n sì fún ètè pọ̀ kí ẹ̀rín má bàa bọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi tú u. Ilẹ̀ yàrá kún fún òwú pupa, búlúù, yẹ́lò, bí ibi tí ẹyẹ ti jà. Èmi sì ń gé aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́, mo ń fi bírò tí tíṣà fún mi kọ ọ̀rọ̀ sí i: YÀRÁ IṢẸ́ ABẸ. WỌ́Ọ̀DÙ ỌMỌDÉ. Lẹ́tà mi dúró ṣánṣán. A rán an mọ́ igun aṣọ kọ̀ọ̀kan. Mo pe máníjà kó wá wò ó. Ó yọ igi ìṣáná létí, ó ní, "Èyí ni wọ́n ń pè ní ìtẹ̀síwájú."

Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìfọṣọ, Bàbá Ẹ̀rọ là ń pè wọ́n, mú aṣọ kan, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

"Ìyàwó, ṣé bírò lo fi kọ eléyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Omi tèmi máa ń hó. Bílíìsì sì wà nínú rẹ̀."

"Bàbá, ẹ dojú kọ ẹ̀rọ yín. Ọ̀rọ̀ ìwé lèyí."

"Ó dáa," wọ́n ní. Wọ́n da aṣọ sínú ẹ̀rọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí bírò bá ti jò sí àpò rẹ̀ rí mọ̀ ọ́n. Olórí yàrá, tó gba ipò kìíní, ni kò mọ̀ ọ́n.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí aṣọ náà wẹ̀ jáde, lẹ́tà ti di ẹsẹ̀ eèrà. Mo ṣì lè tọ ipa rẹ̀. Mo yára tún un kọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ìgbà kejì, mi ò rí ipa kankan mọ́, àmọ́ mo rántí ibi tí mo to díẹ̀ nínú wọn sí. Ìyókù, mo méfò. Mo ní, "Èyí jọ ti hòtẹ́ẹ̀lì," mo kọ hòtẹ́ẹ̀lì sí i lára. Bí mo ṣe ń ṣe olórí nìyẹn.

N kò ṣíwọ́ ní aago mẹ́rin mọ́. Bí àwọn tó kù bá ti lọ, èmi á jókòó sórí àga, màá máa tún orúkọ kọ sára aṣọ títí oòrùn á fi wọ̀. Bí mo bá dé ilé ìyá ọkọ mi, ọmọ á ti jẹun, á ti wẹ̀, á ti sùn sí wọn lẹ́yìn.

"Olórí yàrá, ẹ káàbọ̀," ìyá ọkọ mi á kí mi, wọ́n á tiẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "A ò mọ̀ pé ẹ máa ráàyè wá wò wá lónìí."

Mo na ọwọ́ láti gba ọmọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó jí, ó wò mí, ó yí ojú padà sẹ́yìn ìyá àgbà. Mo gbé e dé ilé tipátipá. Ní òru, mo gbé etí lé àyà rẹ̀ bí ìṣe mi. Ó ń mí. Ó fi ọwọ́ ti orí mi kúrò.

Nígbà tí ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í dé, máníjà wá síwájú tábìlì mi. Hòtẹ́ẹ̀lì ní wọ́n kó aṣọ ìbùsùn àwọn ọmọ ilé ìwé wá fáwọn. Ilé ìwé ní aṣọ tábìlì ni wọ́n kó wá fún tàwọn.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" ó bi mí.

Mo lè sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ò tíì bàjẹ́ jù. Ìtìjú lásán ni ì bá jẹ́.

"Bàbá Ẹ̀rọ ni, sà," mo ní. "Bílíìsì tí wọ́n ń dà sí i ti pọ̀ jù. Ó ń jẹ ìwé ara aṣọ. Bóyá ọjọ́ orí ni."

Ó lé Bàbá Ẹ̀rọ lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìgbọ́ tẹnu wọn. Bàbá kọjá níwájú mi pẹ̀lú àpò oúnjẹ wọn lọ́wọ́. Mo ti múra ohun tí màá fọ̀ bí wọ́n bá bú mi. Wọn ò bú mi.

"Ó dáa," wọ́n ní.

Ẹlòmíràn bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Ó dín bílíìsì kù sí ìdajì. Yíǹkì ṣì ń lọ.

Ọjọ́ Jímọ́ kan ni nọ́ọ̀sì àgbà wọlé. Kò kan ilẹ̀kùn. Ìdì aṣọ kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, máníjà ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì gbé ìdì náà lé orí tábìlì gígùn, láàárín àwọn obìnrin mẹ́ta, ó tú u.

Aṣọ tábìlì hòtẹ́ẹ̀lì ni, pẹ̀lú àbàwọ́n ọtí tó dà bí àwòrán ìlú.

"Láti àárọ̀ kùtù," ó ní, "ni ọmọ ọdún mẹ́ta kan ti wà lórí ibùsùn, tí a ò jẹ́ kó jẹun, tí a ò jẹ́ kó mu omi, torí iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí a ṣí ìdì aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ, èyí la bá níbẹ̀. Ìdì kejì, ọ̀kan náà. Kò sí aṣọ tí a lè fi bo ọmọ náà. A ti sún iṣẹ́ náà di ọ̀la. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó di bàtà ọmọ náà mú. Kò sunkún. Ó kàn ń bi gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé kí ló dé."

Mo mọ ìyá náà. Mi ò rí i rí, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n.

"Ta ni olórí níbí?" nọ́ọ̀sì bèèrè, bí ẹni pé kò mọ̀.

Àwọn obìnrin mẹ́ta jọ wo ibì kan náà. Mo dìde lórí àga.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rántí yín. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé." Ó mú aṣọ kan lórí òkìtì, ó yọ igun rẹ̀ jáde, ó na aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà sí mi lójú. "Ẹ bá wa kà á sókè, kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ."

Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà funfun báláú. Kò sí ẹsẹ̀ eèrà kan lórí rẹ̀.

"Ẹ kà á."

Mo ń wò ó. Mo tilẹ̀ la ẹnu, bí òmùgọ̀, bí ẹni pé lẹ́tà á dìde wá gbà mí. Ó mú òmíràn. "Èyí ńkọ́?" Òun náà funfun. Ó mú ẹ̀kẹta.

"Ojú mi," mo ní, "ojú mi ń ṣe..."

Mo gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ẹni tó dàgbà jù lára àwọn obìnrin náà fi aṣọ bo ẹnu.

"Ṣé bílíìsì náà nìyí?" máníjà bi mí. "Bàbá Ẹ̀rọ kò sí níbí láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn."

Mo sọ ohun gbogbo. Mo jẹ́wọ́ ti bírò, mo jẹ́wọ́ ti ìméfò, mo jẹ́wọ́ ti Bàbá Ẹ̀rọ. Nígbà tí mo parí, mo wá ẹni tí mo lè pín ẹ̀bi náà fún. Mo ní, "Sà, ẹ̀yin náà lẹ yọ Màmá kúrò nígbà tí ẹ gbọ́ pé wọn ò mọ̀wé."

Máníjà wò mí bó ṣe máa ń wo igi ìṣáná. "Ta ló sọ fún ọ pé mi ò mọ̀? Bàbá mi ló gbà wọ́n síṣẹ́. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tẹ ìwé láti ìgbà tí mo ti wà ní ṣòkòtò péńpé. Gbogbo wa la mọ̀. Ìwọ lo sọ ọ́ níwájú oníbàárà."

Nọ́ọ̀sì ti ń di ìdì rẹ̀. "Èmi náà fura," ó ní. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gba aṣọ lọ́wọ́ wọn. Aṣọ kan kò ṣìnà rí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ni kò jẹ́ kí n lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mọ́."

Ẹ rí i. Àwọn méjèèjì náà kò sàn jù mí lọ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tó mọṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ kó lọ torí ìlà kẹta ìwé òfin. Àmọ́ ìtàn tèmi ni mò ń sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ sílé Màmá Olówùú. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, wọ́n ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Mo kúnlẹ̀. Wọn ò ní kí n dìde.

"Ọ̀mọ̀wé," wọ́n ní. "Kí ló dé?"

Mo ròyìn. Wọ́n ń rán bọ́tìnnì lọ.

"Ọmọ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ńkọ́?"

"Ọ̀la ni wọ́n sún un sí, Màmá. Kò sì tíì sí aṣọ."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá abẹ́rẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tó ń jẹ mí dòní.

"Kí lo bá lórí àga yẹn?"

"Mi ò bá nǹkan kan, Màmá."

"Mo mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ká aṣọ. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olórí, àpótí ọṣẹ ni mo ń jókòó lé. Ìgbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí ni bàbá máníjà ra àga." Wọ́n fi eyín gé òwú. "Ẹ̀yìn dídùn lo ń bá mi dù láti ìgbà yìí wá, Ọ̀mọ̀wé. Ǹ bá ti fún ọ."

Wọ́n wọlé lọ mú gèlè. A jọ padà síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Màmá dúró sáàárín òkìtì aṣọ, wọ́n ń fọwọ́ pa á lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó nípọn, èyí tó fúyẹ́, èyí tí etí rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò wo ìwé mi kankan. Kí wákàtí kan tó pé, aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ ti pé ìdì mẹ́ta. Wọ́n ṣe iṣẹ́ ọmọ náà lọ́jọ́ kejì, ó sì yè.

Èmi fúnra mi lọ mú Bàbá Ẹ̀rọ wá láti ilé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ kò tó. "Ó dáa," wọ́n ní. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó dáa lóòótọ́.

Máníjà fẹ́ lé mi. Màmá ní rárá. "Ẹni tó tú òwú ni kó rán an padà." Oṣù mẹ́rin ni mo fi rán an, lórí ìdúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí Màmá jókòó lé. Àwọn òkè aṣọ yẹn kò tán bọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ gún mi títí àtàǹpàkò mi fi le bí ẹ̀yìn ìjàpá.

Àárín ìgbà yẹn ni Òkè-Ló-Ń-Lọ wá kí wa. Ó ní kí n má sunkún, ìṣubú ni àtẹ̀gùn àwọn ẹni ńlá.

"Bọ̀dá mi," mo ní, "ẹ kọ́kọ́ gun tiyín ká wò. Ẹ sì dìde lórí àga mi."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí àwo fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí mi ṣì wà lára ògiri. Mi ò kẹ́gàn ìwé, ìwé ni mo fi ń kọ èyí sí yín. Ẹni tó rò pé bí òun bá ti kàwé tán ni kí ẹlòmíràn dìde fún òun ni mò ń kẹ́gàn. Ìwọ tó ń ka èyí nídìí iṣẹ́, tó ń fojú wọn àga ọ̀gá rẹ, ṣé o ti bi í bóyá ẹ̀yìn ń dùn ún?

Màmá ò pè mí ní ọmọ mi mọ́. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pè mí, gbogbo ilé iṣẹ́ sì ti gbà á lẹ́nu wọn. Mo ti padà sídìí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, àárín àwọn obìnrin mẹ́ta. Nígbà mìíràn Màmá á ju aṣọ kan sí mi láti orí àga.

"Ọ̀mọ̀wé, kà á fún wa."

Màá di ojú, màá fi àtàǹpàkò wá igun rẹ̀. "Kókó méjì, Màmá. Wọ́ọ̀dù ọmọdé."

"Ó ń kàwé," wọ́n á wí, wọn ò ní rẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́rin, mo ti wà lọ́nà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi sáré pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ìyá àgbà, ó já òwú pupa kan tó so mọ́ aṣọ mi, ó sì jù ú sẹ́nu. Mo yọ ọ́ kíákíá. Kókó méjì ló wà lórí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo gbé etí lé àyà rẹ̀, kò sì ti orí mi kúrò.